Kọ́ńfẹ́ǹtì lápá ìhín, kọ́ńfẹ́ǹtì lápá ọ̀hún: àwọn sísítà àti ilé-ẹ̀kọ́ wọn

Ọ̀rọ̀ kan wà lẹ́nu àwa ará Yewa tí ìtumọ̀ rẹ̀ máa ń yí padà ní kété tí a bá ti kọjá bodè Ìdìrókò. Ọ̀rọ̀ náà ni kọ́ńfẹ́ǹtì. Ní Ìlaròó tàbí Ayétòrò, bí ìyá kan bá ní ọmọ òun ń lọ sí kọ́ńfẹ́ǹtì, ohun tí ẹni tó gbọ́ ọ máa rò ni yunifọ́ọ̀mù tí wọ́n lọ̀ dáadáa, ìbọ̀sẹ̀ funfun, owó sùkúù tó ga díẹ̀, àti ọmọ tí ń fi imú sọ òyìnbó. Ṣùgbọ́n ẹ dé Pọ̀bẹ́ tàbí Àjàṣẹ́, kí ẹ béèrè ibi tí couvent wà, bí wọ́n ṣe ń pè é ní èdè Faransé. Ó ṣeé ṣe kí wọ́n mú yín lọ sí ilé tí wọ́n ti ń tọ́ ìyàwó òrìṣà. Mi ò ṣàwàdà. Àwọn Faransé ló fi orúkọ yẹn pe ilé tí wọ́n ń fi àwọn ọmọ fódù pamọ́ sí, orúkọ náà sì ti mọ́ wọn lẹ́nu lọ́hùn-ún títí dòní.

Mo ń kọ èyí nítorí ìbéèrè tí púpọ̀ nínú ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ mi àtijọ́ ti ń fi ránṣẹ́ sí mi láti ìgbà tí ọ̀rọ̀ dídá ilé-ẹ̀kọ́ padà fún àwọn ìjọ ti tún gbóná. Ẹ ní: ta ló ni kọ́ńfẹ́ǹtì gan-an, ìjọba ni àbí ìjọ? Ẹ̀yin tí mo kọ́ ní kíláàsì mọ̀ pé n kì í dáhùn ìbéèrè tí a kò bá tíì yẹ ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ wò. Nítorí náà, ẹ jẹ́ ká yẹ̀ ẹ́ wò.

Inú èdè Látìn ni ọ̀rọ̀ náà ti wá, conventus, ìtumọ̀ rẹ̀ kò sì ju àpéjọ lọ: àwọn ènìyàn tó kóra jọ sójú kan. Kò sí ilé nínú rẹ̀, kò sí ògiri, kò sí géètì. Èyí ṣe pàtàkì o, nítorí pé orí ilé àti ilẹ̀ ni gbogbo ìjà wa dá lé. Kọ́ńfẹ́ǹtì ni àwọn obìnrin mẹ́ta, mẹ́rin, tàbí mẹ́wàá tí wọ́n jẹ́ ẹ̀jẹ́ kan náà, tí wọ́n ń gbé pọ̀ lábẹ́ ọ̀gá kan, tí wọ́n ń gbàdúrà pọ̀ láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́, tí wọ́n sì ń jẹun láti inú àpò kan ṣoṣo. Ilé-ẹ̀kọ́ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, iṣẹ́ ọwọ́ wọn ni. Bí wọ́n bá kó ẹrù wọn lọ lọ́la, ilé-ẹ̀kọ́ lè dúró síbẹ̀, ṣùgbọ́n kọ́ńfẹ́ǹtì ti lọ nìyẹn.

Ọmọbìnrin tó bá fẹ́ di sísítà kì í sáré wọlé. Yóò kọ́kọ́ wá bá wọn gbé fún ìgbà díẹ̀, kí wọ́n wò ó, kí òun náà wò wọ́n. Lẹ́yìn náà ni yóò di nófíìsì, ìyẹn ọmọ ẹ̀kọ́ṣẹ́. Òfin Ìjọ Kátólíìkì tó wà lóde báyìí, èyí tí wọ́n gbé jáde ní 1983, sọ pé ẹni tí kò bá tíì pé ọmọ ọdún 17 kò gbọdọ̀ di nófíìsì, àti pé oṣù 12 ló kéré jù tí yóò lò níbẹ̀. Tó bá yege, yóò jẹ́ ẹ̀jẹ́ onígbà díẹ̀, ó kéré tán ọdún mẹ́ta, kí ó tó jẹ́ ẹ̀jẹ́ tí yóò bá a dé sàréè. Ẹ̀jẹ́ náà mẹ́ta ni: kò ní lọ́kọ, kò ní ní ohun ìní ti ara rẹ̀, yóò sì máa gbọ́ràn sí ẹni tó ń ṣe olórí rẹ̀ lẹ́nu. Owó oṣù tí wọ́n bá san fún un, àpò ẹgbẹ́ ló ń lọ. Ẹ fi ọ̀rọ̀ owó oṣù yìí sọ́kàn, a ó padà sí i.

Ẹni tó bá dàgbà lápá ọ̀dọ̀ wa yóò ti máa rí nǹkan tó jọ nǹkan tó mọ̀. Ìyàwó òrìṣà náà ń wọlé. Wọ́n á fá orí rẹ̀, wọ́n á fún un lórúkọ mìíràn, wọ́n á kọ́ ọ lórin àti èèwọ̀, kò ní rí ojú ìta fún ìgbà pípẹ́, ọjọ́ tó bá sì jáde, gbogbo ìlú ló máa wá wò ó. Sísítà ayé àtijọ́ náà ń gba orúkọ mìíràn, wọ́n á gé irun rẹ̀, aṣọ rẹ̀ á sì yí padà. Mo rò pé ìdí nìyẹn tí àwọn Faransé fi ya ọ̀rọ̀ ìjọ wọn lò fún ilé òrìṣà láìronú púpọ̀. Ṣùgbọ́n ìyàtọ̀ tó wà níbẹ̀ kò kéré. Ìyàwó òrìṣà máa ń padà sílé. Yóò lọ́kọ, yóò bímọ, yóò nájà. Òrìṣà gan-an ni àwọn ènìyàn ń bẹ̀ pé kó fún àwọn lọ́mọ! Sísítà kì í padà. Kì í ṣe àdúrà rẹ̀ tàbí aṣọ rẹ̀ ló ya àwọn baba ńlá wa lẹ́nu, bí kò ṣe pé obìnrin tí ara rẹ̀ dá ṣáṣá fúnra rẹ̀ ní kò sí ọkọ, kò sí ọmọ.

Báwo ni wọ́n ṣe dé ọ̀dọ̀ wa? Ẹgbẹ́ àwọn fadá tí à ń pè ní SMA ni Bíṣọ́ọ̀bù Melchior de Marion Brésillac dá sílẹ̀ ní ìlú Lyon ní ilẹ̀ Faransé ní 1856. Òun fúnra rẹ̀ kò dé ilẹ̀ Yorùbá. Ó gúnlẹ̀ sí Freetown ní oṣù Karùn-ún 1859, kò sì lo oṣù méjì níbẹ̀ tí ibà fi pa á. Augustin Planque ló gba iṣẹ́ náà lẹ́yìn rẹ̀, ó sì dì í mú títí ó fi kú ní 1907. Ní 1861 ni Francesco Borghero, ará Ítálì, gúnlẹ̀ sí Wídà ní etí òkun Dàhòmì.

Ìjọ ti wà kí fadá tó dé, ẹ má gbàgbé. Àwọn Àgùdà, ìyẹn àwọn ènìyàn wa tí wọ́n ti ṣe ẹrú ní Bùràsílì tí wọ́n sì padà wálé, ti ń kóra jọ gbàdúrà ní Èkó lábẹ́ ọkùnrin kan tí wọ́n ń pè ní Pa Antonio, tí òun náà ti ṣẹrú rí ní Bahia. Ìdí nìyí tí àwọn àgbà fi ń pe Kátólíìkì ní ìjọ Àgùdà. Ìjọ Páàdì tí àwọn mìíràn ń pè é, inú èdè Potogí ni páàdì náà ti wá, orúkọ tí wọ́n ń pe àlùfáà. Èdè Potogí náà sì ni Borghero fi bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ní Wídà, nítorí òun ni àwọn Àgùdà gbọ́. Ẹ ò rí i bí? Kó tó di pé a ń jà lórí èdè Gẹ̀ẹ́sì àti Yorùbá nínú kíláàsì, èdè kẹta kan ti wá, ó sì ti lọ.

Àwọn fadá tètè rí i pé àwọn kò lè dá kọ́ àwọn ọmọbìnrin. Baba wo ló máa fi ọmọbìnrin rẹ̀ sílẹ̀ fún òyìnbó ọkùnrin tí kò níyàwó? Planque kọ́kọ́ bẹ àwọn sísítà láti ẹgbẹ́ mìíràn ní ilẹ̀ Faransé, wọ́n sì wá, ṣùgbọ́n àjọṣe náà kò lọ jìnnà. Ní oṣù Karùn-ún 1876 ló dá ẹgbẹ́ obìnrin tiwọn sílẹ̀ ní Lyon: àwọn Sísítà Ìyá Wa Ti Àwọn Àpọ́sítélì, tí gbogbo ayé mọ̀ sí OLA. Àwọn ni wọ́n di St. Mary's Convent mú ní Èkó. Àwọn ni wọ́n ṣe nọ́ọ̀sì ní ilé ìwòsàn Sacred Heart ní Abẹ́òkúta, èyí tí Fadá Jean-Marie Coquard dá sílẹ̀ ní 1895. Wọ́n tún wà ní Topo lẹ́bàá Àgbádárìgì, níbi tí àwọn fadá ti ń dá oko àgbọn láti 1876. Bí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ṣe ń tẹnu mọ́ èdè Gẹ̀ẹ́sì sí i, ilẹ̀ Áyálándì ni wọ́n yíjú sí láti wá sísítà. Ilé wọn ní Ardfoyle, ní ìlú Cork, ni púpọ̀ nínú àwọn òyìnbó obìnrin tí àwọn ìyá wa mọ̀ ti wá.

Ta ni wọ́n kọ́kọ́ kọ́? Ọmọ àwọn Àgùdà wà níbẹ̀, lóòótọ́. Ṣùgbọ́n àwọn ọmọ òrukàn náà wà níbẹ̀, àti àwọn ọmọ tí míṣọ́n fi owó rà padà kúrò lóko ẹrú. N kò fẹ́ kí a fojú fo èyí. Lónìí tí kọ́ńfẹ́ǹtì ti di orúkọ ilé-ẹ̀kọ́ ọmọ olówó, ó yẹ ká mọ̀ pé láàárín àwọn ọmọ tí kò ní ẹni tó máa san kọ́bọ̀ lórí wọn ló ti bẹ̀rẹ̀. Wọ́n kọ́ wọn ní ìwé kíkà, katikísìmù, ìránṣọ, aṣọ fífọ̀ àti ilé títọ́jú. Ẹ̀kọ́ yìí ní ààlà tirẹ̀. Ìyàwó fún ọkùnrin tó ti di Kátólíìkì ni wọ́n fi ń tọ́ wọn, wọn kò fi wọ́n ṣe akọ̀wé. Síbẹ̀, obìnrin tó mọ ìránṣọ mọ owó. Ìyá kan wà ládùúgbò wa ní Ayétòrò nígbà tí mo wà lọ́mọdé, tó kọ́ iṣẹ́ abẹ́rẹ́ lọ́wọ́ sísítà ní Abẹ́òkúta. Ọkọ rẹ̀ tètè kú. Abẹ́rẹ́ yẹn ló fi rán ọmọ márùn-ún nílé-ìwé, àwọn ìyàwó olóyè sì ń tò sẹ́nu ọ̀nà rẹ̀ tí ọdún bá ti ń sún mọ́lé.

Ó ku ọ̀rọ̀ ibodè. Ní oṣù Kẹjọ 1889, Gẹ̀ẹ́sì àti Faransé fọwọ́ sí ìwé tó pín ilẹ̀ wa. Kétu bọ́ sọ́wọ́ Faransé, Ìlaròó àti Ìmẹ̀kọ bọ́ sọ́wọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Ẹni tó bá fẹ́ mọ ohun tí ìpín yìí ṣe fún ìwọ̀-oòrùn ilẹ̀ Yorùbá, kó wá ìwé Ọ̀jọ̀gbọ́n A. I. Asiwaju, Western Yorubaland under European Rule, tó jáde ní 1976. Kò sí ìwé tó ṣe é tó bẹ́ẹ̀. Ohun tó kàn wá níhìn-ín ni pé àwọn sísítà kan náà, láti Lyon kan náà, bá ara wọn lábẹ́ ìjọba méjì tí ìwà wọn kò jọra rárá. Gẹ̀ẹ́sì ń fún ilé-ẹ̀kọ́ míṣọ́n lówó ìrànwọ́, tí ó bá ti gba òfin rẹ̀ àti àwọn alábẹ̀wò rẹ̀. Faransé ní tirẹ̀ ń bá ìjọ jà nílé: òfin 1904 ní ilẹ̀ Faransé fúnra rẹ̀ ní kí àwọn fadá àti sísítà má ṣe kọ́ ọmọ mọ́. Ìjà yẹn dé ìlú àmúsìn, ìrànwọ́ ìjọba fún ilé-ẹ̀kọ́ míṣọ́n sì gbẹ níbẹ̀. Ní ti èdè, Gẹ̀ẹ́sì gbà kí a fi Yorùbá bẹ̀rẹ̀ fún àwọn ọmọ kékeré. Lábẹ́ Faransé, katikísìmù ni wọ́n fi àyè èdè ìbílẹ̀ gbà fún. Nítorí náà, ọmọ Kétu tó bá mọ Yorùbá kà, inú ìjọ ló ti kọ́ ọ. Mo ti bá àwọn àgbàlagbà bẹ́ẹ̀ pàdé: wọn a máa ka ìwé àdúrà Yorùbá geere, ṣùgbọ́n lẹ́tà tí wọ́n bá kọ sí ọmọ wọn, Faransé ni.

Ẹ jẹ́ ká padà sí ọ̀rọ̀ ọkọ àti ọmọ. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, òyìnbó ni sísítà. Ọmọbìnrin Yorùbá tó bá ní òun fẹ́ wọ ẹgbẹ́ wọn, ogun ló gbé wọ ilé. Ẹbí á pàdé. Ta ló máa gba ìdána? Ta ló máa sọ orúkọ ìyá rẹ̀ tó ti kú fún ọmọ? Ìbéèrè ọlọ́gbọ́n ni, kì í ṣe ti kèfèrí bí àwọn kan ṣe ń wí, nítorí ẹ̀jẹ́ tí ẹnì kan jẹ́, gbogbo ìdílé ló ń san án. Síbẹ̀, àwọn kan wọlé. Ní 1943, lábẹ́ Bíṣọ́ọ̀bù Leo Taylor ti Èkó, ẹgbẹ́ sísítà ti ọmọ ilẹ̀ wa bẹ̀rẹ̀, àwọn tí à ń pè ní Sísítà Ọkàn Jésù Nínú Yúkárístì. Láti ìgbà náà ni ojú sísítà ti bẹ̀rẹ̀ sí í dúdú. Lónìí, ẹ̀yin tó wà nílùú òyìnbó gan-an lè jẹ́rìí pé ọmọ Nàìjíríà ni ẹ ń bá nínú àwọn ilé sísítà tí àwọn arúgbó ibẹ̀ fẹ́ẹ̀ tán.

Ilé-ẹ̀kọ́ gíga fún àwọn obìnrin pẹ́ kí ó tó dé. St. Teresa's College ní Ìbàdàn, tí àwọn OLA dá sílẹ̀ ní 1932, ló ṣíwájú ní ìwọ̀-oòrùn fún àwọn Kátólíìkì. Àwọn òbí láti ìlú wa tó lágbára ń rán ọmọ wọn jìnnà, sí Ìbàdàn, sí Èkó, láti lọ gbé bọ́ọ̀dìn lọ́dọ̀ sísítà. Ní 1955 ni ìjọba Awólọ́wọ̀ bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ní ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Míṣọ́n ló ṣì ń bójú tó ọ̀pọ̀ ilé-ẹ̀kọ́ náà, ìjọba ń sanwó tíṣà. Ètò yẹn ṣiṣẹ́ dáadáa fún ogún ọdún.

Lẹ́yìn náà ni ìjọba gba gbogbo rẹ̀. Ní ìlà-oòrùn, 1970 ni, bí ogun ṣe parí. Lọ́dọ̀ tiwa, àárín àwọn ọdún 1970 ni, nígbà tí owó epo ń ṣàn tí àwọn ológun sì gbà pé kò sí ohun tí ìjọba kò lè ṣe. Lápá ọ̀hún ibodè, Kérékou gba ìjọba ní 1972, ó kéde ìlànà Marx ní 1974, ìjọba rẹ̀ sì gba ilé-ẹ̀kọ́ míṣọ́n níbẹ̀ náà. Ẹ wò ó! Ìjọba ológun méjì, ọ̀kan ń sọ̀rọ̀ bíi Rọ́ṣíà, èkejì ń ná owó bíi Amẹ́ríkà, wọ́n sì ṣe ohun kan náà láàárín ọdún bíi mélòó kan.

Ìdí tí ìjọba sọ kò burú. Wọ́n ní kí ọmọ Mùsùlùmí má baà di Kírísítẹ́nì torí pé ó fẹ́ mọ̀wé, kí ọmọ tálákà sì rí ààyè. Lápá ọ̀dọ̀ wa tí Mùsùlùmí pọ̀, ìdí gidi ni. Ọ̀pọ̀ ilé ló mọ ọmọ tó jẹ́ Ràṣídì nílé tó sì jẹ́ Richard ní sùkúù. Ṣùgbọ́n ohun tí ìjọba gbà, ilé ni. Àpéjọ kò ṣeé gbà.

Ẹ rántí owó oṣù. Sísítà márùn-ún tó ń kọ́ni ní ilé-ẹ̀kọ́ kan máa ń kó owó oṣù márùn-ún sínú àpò kan, wọ́n á jẹun bí ìdílé kan, èyí tó bá sì ṣẹ́ kù ni wọ́n fi ń tún òrùlé ṣe, tí wọ́n fi ń ra ìwé, tí wọ́n fi ń gbé ọmọ tí kò lówó dúró. Kò sí ẹni tó kọ èyí sínú ìwé ìṣirò ìjọba, nítorí náà, nígbà tí ìjọba gba ilé-ẹ̀kọ́, kò mọ̀ pé owó kan ti sọnù. Wọn kò ní ìyàwó tàbí ọkọ tó ń retí wọn nílé. Ọ̀dọ̀ àwọn ọmọ bọ́ọ̀dìn ni wọ́n wà láti àárọ̀ ṣúlẹ̀. Nígbà tí wọ́n di òṣìṣẹ́ ìjọba, tí wọ́n lè gbé ọ̀kan lọ sí ìlú yìí kí wọ́n gbé èkejì lọ sí ìlú yẹn, àpéjọ tú. Òrùlé bẹ̀rẹ̀ sí í jò. Àwa sì ń bú tíṣà.

Ààyè tí wọ́n fi sílẹ̀ ni àwọn onísòwò wọ̀. Ẹ rìn ní àwọn ìlú wa, ẹ ka pátákó: kọ́ńfẹ́ǹtì yìí, kọ́ńfẹ́ǹtì yẹn, kò sì sí sísítà kan ṣoṣo nínú rẹ̀. N kò sọ pé gbogbo wọn ò dára. Ohun tí mo ń sọ ni pé wọ́n mú aṣọ, wọ́n mú òyìnbó, wọ́n mú ìjìyà fún ọmọ tó bá sọ Yorùbá, wọ́n fi àpò kan ṣoṣo náà sílẹ̀. Ìjìyà fún èdè yìí, àṣà àwọn ilé-ẹ̀kọ́ míṣọ́n kan ni tẹ́lẹ̀ lóòótọ́, n kò sì ní gbè wọ́n lẹ́yìn lórí rẹ̀. Àwọn arọ́pò wọn wá sọ ọ́ di ọjà títà.

Nígbà náà, ṣé ká dá a padà? Lápá ọ̀hún, lẹ́yìn àpérò orílẹ̀-èdè ti 1990, ilé-ẹ̀kọ́ Kátólíìkì tún padà sẹ́sẹ̀. Ní Èkó, ìjọba dá ọ̀pọ̀ padà ní 2001. Ìtọ́jú padà, ìbáwí padà, owó sùkúù náà sì padà, ó sì ga ju agbára ọ̀pọ̀ òbí tí ọmọ wọn ti wà níbẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́ lọ. Ìjọ ní òun kò rí owó ìjọba mọ́, kí ni kí òun ṣe? Òótọ́ ni. Òótọ́ sì ni pé ọmọ aláta kò lè wọ ilé tí wọ́n kọ́ nítorí ọmọ òrukàn.

Ọ̀nà tí mo fara mọ́ ni ti Gánà. Ilé-ẹ̀kọ́ OLA wà ní Ho títí dòní. Orúkọ ìjọ ṣì wà lára rẹ̀, ìjọ ṣì ń lóhùn sí bí wọ́n ṣe ń darí rẹ̀, ìjọba ló sì ń san owó tíṣà. Ohun tí àwa náà ń ṣe ṣáájú àwọn ọdún 1970 nìyẹn, kì í ṣe àjèjì. Èmi á fi ohun kan kún un: bí ìjọba bá fẹ́ dá ilé-ẹ̀kọ́ kan padà fún ìjọ tàbí fún ẹgbẹ́ sísítà, kó kọ́kọ́ béèrè pé sísítà mélòó ló ń bọ̀ wá gbé níbẹ̀, ọmọ mélòó ni wọn yóò gbà láìgba owó, kí wọ́n sì kọ ọ́ sílẹ̀. Bí kò bá sí ẹnì kankan tó ń bọ̀ wá gbé ibẹ̀, ilẹ̀ lásán ni wọ́n ń pín.

Ẹni tó bá ní fọ́tò, ìwé èsì ìdánwò tàbí ìwé ìṣirò àtijọ́ láti ilé-ẹ̀kọ́ sísítà èyíkéyìí lágbègbè Yewa, lápá méjèèjì ibodè, kí ó tó di 1975, jọ̀wọ́ kó ya àwòrán rẹ̀ ránṣẹ́ sí mi. Mo ń fẹ́ ti Kétu àti Ìmẹ̀kọ jù, nítorí àwọn tó lè sọ ọ́ lẹ́nu ti ń dín kù.